Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Bàbá Ti Máa Ń Dúró

Títí di òní, bí òórùn gíní tuntun bá pàdé òórùn òróró máṣíìnì nímú mi, pálọ̀ wa ní Ayétòrò ni ọkàn mi máa ń sáré padà sí. Àga kan ṣoṣo tó dára nínú pálọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá ló ni ín, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀, àlejò pàtàkì pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ tó ń gba fèrèsé yẹn wọlé ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọrùn agbádá ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ti máṣíìnì o, ti ọwọ́ ni: abẹ́rẹ́ tó ń fi òróró máṣíìnì nù kí ó má baà dípẹtà, òwú, àti sùúrù tí Ọlọ́run kò fún èmi ní ìdajì rẹ̀. Á fi ègé ọṣẹ gbígbẹ ya ọnà náà sára aṣọ, á bẹ̀rẹ̀ láti èjìká ọ̀tún, á yí ẹ̀yìn ọrùn ká, á wá sọ̀kalẹ̀ sí àyà òsì níbi tí àpò máa ń wà. Agbádá kan lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, àwa ọmọ á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn nínú pálọ̀ ara wa kí a má baà tẹ aṣọ oníaṣọ mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe tí gbogbo wa fi ń jẹun. Bó bá ṣe ọnà náà dé ibì kan, á dúró. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Á fi abẹ́rẹ́ há ara fìlà rẹ̀, á di ojú méjèèjì, á wá máa fi àtàǹpàkò tọ ojú ọnà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó dé, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Ó yá," abẹ́rẹ́ á sì tún wọ aṣọ. Àárín ìdúró yẹn ni a ti máa ń tọrọ ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbà. Ẹni tó fẹ́ bàtà tuntun, ẹni tó fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Àfọ̀n lọ wo bọ́ọ̀lù, ẹni tó fọ́ àwo: gbogbo wa la mọ̀ pé bí Bàbá bá ti dijú tó ń fọwọ́ tọ aṣọ, kò lè bínú, kò sì ní sọ pé rárá. Ó dá mi lójú pé èmi ni mo jẹ nínú rẹ̀ jù nínú ilé yẹn.

Àṣà kan sì wà tí Bàbá kì í jẹ́ kó yẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ kan bá ń ṣègbéyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọrùn agbádá tí ọkọ ìyàwó máa wọ̀ lọ síbi nìkáà. Bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, ti àna rẹ̀ ni yóò ṣe. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ti ọmọ rẹ̀ ni. Ọnà kan náà ni fún gbogbo wa, òwú funfun lórí aṣọ funfun, kò sì fi ọnà yẹn ṣe aṣọ ẹlòmíràn rí láyé rẹ̀, ẹni yòówù kó wá bẹ̀ ẹ́. Kò sí ọmọ tó kúrò nílé wa tí Bàbá kò fi abẹ́rẹ́ sìn dé ẹnu ọ̀nà. Ti ọkọ mi ṣì wà nínú àpótí wa bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi ti sanra kọjá rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó gbé e ta ènìyàn lọ́rẹ, kí o wá wo ìjà.

Nígbà tó máa wá kan àbíkẹ́yìn wa, ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. A kọ́kọ́ rí i lára ife tíì tó ń mì lórí àwo. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí àlejò bá wà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá sọ́dọ̀ wa ní Ìlàrò kí dókítà wò ó. Ó ní kí n lọ tọ́jú ọmọ mi, pé ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ tó báyìí lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ̀n. Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn náà, ló rí àkísà gíní kan lábẹ́ tìmùtìmù àga Bàbá lọ́jọ́ kan. Bàbá ti gbìyànjú ọnà ilé wa lórí rẹ̀ wò, ọnà náà sì rí wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà oko. Ó ká àkísà náà mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ àga, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àbúrò mi ń ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù, ẹkún ló ń sun, èmi náà sì bá a sun ún.

Ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àánú ẹlòmíràn. Ó gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ọnà, tí máṣíìnì á sì gba ọnà náà láti inú fúláàṣì, ohun kékeré tí wọ́n ń kó fáìlì sí, á fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sára aṣọ. Bàbá gba Ìdìròkò kọjá lọ bá a. Kò fi àwòrán ránṣẹ́ o, òun fúnra rẹ̀ ló lọ, léraléra, ó jókòó ti ọkùnrin náà, ó ń sọ fún un ibi tí ọnà á ti tẹ̀ àti ibi tí á ti nà. Ó ní ọkùnrin náà ń po Faransé mọ́ Yorùbá, pé gbogbo ohun tí òun bá ní kó tún ṣe, "dákọ̀ọ̀", ìyẹn ni pé ó gbà, ni ìdáhùn rẹ̀, àyàfi lórí ohun kan tí wọ́n jọ jiyàn lé gidigidi. Mi ò bi í léèrè ohun náà nígbà yẹn. Ọjọ́ tó parí, Bàbá so fúláàṣì náà mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọrùn lábẹ́ bùbá bí ẹni so tírà, ó sì gbé e wálé.

Ó fà á lé àbúrò mi lọ́wọ́ pé kó mú un wá sí Ìlàrò, sọ́dọ̀ màmá kan tó ní irú máṣíìnì náà. Àbúrò mi fi í sápò ṣòkòtò. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, orí rẹ̀ kò sí nílé, Àjílété níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti wá ni orí náà wà. Ó fọ ṣòkòtò, ó fọ fúláàṣì mọ́ ọn, ó sì sá méjèèjì sí oòrùn.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ilé wa ní Ìlàrò ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Ó kó ohun tó rí nínú fúláàṣì náà jáde, ó sì dì í fún mi ní fáìlì kan gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, ó ní ohun tí òun rí kó nìyẹn, pé ọnà náà lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè máà sí. A gbé e lọ sídìí máṣíìnì, máṣíìnì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. A pe Àjàṣẹ́. Ìyàwó ọkùnrin náà ló gbé fóònù, ó ní ọkọ òun ti kó lọ sí Àbíjàn, ó sì ti ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó lọ. Ẹlòmíràn tó lè ya ọnà náà kí ọjọ́ Sátidé ìgbéyàwó tó pé, a kò rí. Mo fi gbogbo rẹ̀ tó Bàbá létí lórí fóònù, ó ní, "Kí wọ́n fi ti ọjà sí i. Kò burú." Ìwọ náà ní bàbá, o mọ irú "kò burú" tí mò ń sọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ pé kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ nílé ìwé gíga, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Nígbà tí mò ń kàwé, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C ni mo fẹ́ràn jù, èdè àtijọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti pa tì. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá tún ń kọ C lóru, kí n kọ ọ́ kó bá wa fọ abọ́. Ọjọ́ tí Bàbá sọ "kò burú" yẹn, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi síwájú lórí tábìlì ìjẹun, mo ṣí fáìlì gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ náà, kì í ṣe bí ẹni ṣí àwòrán, bí ẹni tú ìfun ẹran ni mo ṣe ṣí i, tí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ fi tò sílẹ̀ lórí ìlà.

Gbogbo fáìlì, nọ́ńbà ni nísàlẹ̀ rẹ̀. Orin ni o, àwòrán ni o, ọnà agbádá ni o, nọ́ńbà ló tò tẹ̀lé ara wọn. Ohun tó ń sọ ọ̀kan di orin tó sì ń sọ èkejì di ọnà ni orí rẹ̀, àwọn nọ́ńbà díẹ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ fún máṣíìnì. Èyí tó wà níwájú mi, pàǹtírí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òdo, òdo, òdo, lẹ́yìn náà ègé àwòrán ẹnì kan, lẹ́yìn náà òdo mìíràn. Mo ti kà nípa irú fáìlì ọnà yìí, mo sì mọ àwọn lẹ́tà tó yẹ kó wà lórí rẹ̀, mo wá ń wá wọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Mo yí ojú ewé, mo yí ojú ewé. Lójijì ni mo rí wọn. Wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀ láàárín pàǹtírí, orúkọ fáìlì tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́ta fún ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ Bàbá ni mò ń wò yẹn. Mo kígbe débi pé ọkọ mi sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni.

Ohun tó kù kò ju ohun tí gbogbo obìnrin ilẹ̀ Yewa ń ṣe sí ẹ̀gẹ́ kó tó rin ín lọ: gé orí, gé ìdí, mú àárín. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀bẹ gé fáìlì. Mo kọ ètò kékeré kan ní C, kò kún ojú ìwé kan. Yóò ṣí fáìlì náà, yóò ka nọ́ńbà rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó bá pàdé àwọn lẹ́tà orí yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n sínú fáìlì tuntun, bó bá sì pàdé àmì ìdúró, yóò pa ilẹ̀kùn dé, yóò ju ìyókù nù. Mo pè é ní "gékúrò". Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, ó gé òfo jáde. Ìgbà kejì, ó gé ohun tó ju fáìlì lọ jáde, n kò sì mọ bí ọ̀bẹ ṣe ń bímọ. Mo rí i pé mo ti ṣí fáìlì náà bí ẹni fẹ́ ka lẹ́tà dípò nọ́ńbà, mo sì tún un ṣe. Ìgbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, fáìlì kékeré kan jáde, orí rẹ̀ níwájú, àmì ìdúró lẹ́yìn, mọ́ tónítóní. Inú mi dùn débi pé mo jó yí tábìlì ká. Ọmọ mi tó wà lórí ilẹ̀ náà bá mi pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ń pàtẹ́wọ́ fún.

Màmá onímáṣíìnì, ọmọ Ìlobì ni, obìnrin fàájì kan tó ń pe máṣíìnì rẹ̀ ní "ọkọ mi kejì". Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òórùn pálọ̀ wa gẹ́lẹ́. Ó gba fúláàṣì tuntun tí mo mú wá, ó tẹ àkísà gíní mọ́ férémù, ó ní kí n gbàdúrà. Máṣíìnì wo fáìlì náà, ọnà ilé wa bá yọ lójú rẹ̀, kékeré, funfun, bí òṣùpá tuntun. Màmá tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ tàkàtàkà. Láti èjìká ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Bàbá. Ó tẹ̀ níbi tí Bàbá ti máa ń tẹ̀. Mi ò lè jókòó. Mo ń pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn án, àwa méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ èkejì. Abẹ́rẹ́ yí ẹ̀yìn ọrùn ká tán. Ó dúró. Máṣíìnì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò parí. Àyà òsì ṣófo. Ìdajì ọnà ni a ní, ìdajì agbádá kì í sì í ṣe agbádá. Màmá onímáṣíìnì wò mí, ó ní bóyá ibẹ̀ ni omi ọṣẹ ti wọ inú fúláàṣì, kí n má ṣe banújẹ́, òun ní ọnà mìíràn tó dára nílẹ̀. Ó fi wọ́n hàn mí. Wọ́n dára lóòótọ́. Mo wò wọ́n títí, omi ń bọ̀ lójú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé láptọ́ọ̀pù mi jáde lọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ igi máńgòrò. Kì í ṣe pé mo ní ìrètí kan. Mi ò kàn fẹ́ kí ó rí ẹkún mi ni.

Nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo tún ṣí fáìlì àtijọ́, mo lọ síbi tí mo ti gé e, mo wo ohun tí mo jù nù. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, èmi sì ti lá a. Pàǹtírí tó wà níwájú fáìlì, ó rí rúdurùdu, òdo àti ìdọ̀tí. Èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí mo gé kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń rìn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìgbésẹ̀ kékeré lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kékeré. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo pàdé àmì ìdúró mìíràn, ìrìn náà sì tún ń bá a lọ. Mo pàdé ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí ni mo wá pàdé àmì kan tó jọ wọ́n bí Táíwò ṣe jọ Kẹ́hìndé, tó fi díẹ̀ yàtọ̀, pàǹtírí gidi sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ fún máṣíìnì pé "dúró díẹ̀", èkejì ń sọ pé "ó tán". Èmi ti sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Gbogbo ọnà Bàbá wà níbẹ̀, láìyingin.

Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Àmì "dúró díẹ̀" yẹn, nítorí kí èèyàn lè pààrọ̀ òwú sí àwọ̀ mìíràn ni wọ́n ṣe ń fi í sínú fáìlì. Ọnà ilé wa kò ní ju òwú funfun lọ. Bí àmì náà bá jẹ́ àṣìṣe omi, á jẹ́ pé omi ti ba ibòmíràn jẹ́ pẹ̀lú. Mo pe Bàbá. Mo bi í bóyá wọ́n fi òwú aláwọ̀ méjì sí i ní Àjàṣẹ́. Ó ní rárá, funfun ni. Mo ní kí ló wá dé tí máṣíìnì fi ń dúró lágbedeméjì.

"Níbo ló ti dúró?"

"Ó yí ẹ̀yìn ọrùn ká tán, Bàbá, kó tó sọ̀kalẹ̀ sí àyà."

Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn. "Ìyá mi," ó ní, "èmi ni mo ní kó dúró níbẹ̀."

Ohun tí òun àti ọkùnrin Àjàṣẹ́ jiyàn lé lórí nìyẹn. Ọkùnrin náà ní òwú kan kò nílò ìdúró, pé àárẹ̀ kì í mú máṣíìnì. Bàbá ní òun kò ní dìde lórí àga àyàfi bó bá fi ìdúró sí gbogbo ibi tí òun ti máa ń dúró. Ọkùnrin náà fi í sí i, bóyá kí òun náà lè rí ilé lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí n kò bá mọ bí a ti ń wo nọ́ńbà, ọnà náà ì bá wà nínú pàǹtírí títí láé. Bí n kò bá sì pe Bàbá, ó ṣeé ṣe kí n rí àwọn ìdúró yẹn bí àbàwọ́n, kí n kọ ètò mìíràn tí yóò yọ wọ́n kúrò, kí n sì máa yin ara mi. Mo tún ìlà kan kọ nínú "gékúrò" pé kó máa wá àmì "ó tán" nìkan. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo ti ṣe é, pẹ̀lú eruku lórí bọ́tìnì, àwọn ọlọ́kadà sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe káàdì ìdìbò.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ wá láti Ayétòrò lọ́jọ́ kejì, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì gbé e lé itan ní gbogbo ọ̀nà. Àbúrò mi bá a wá, ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó fọ fúláàṣì. Màmá onímáṣíìnì fún Bàbá ní àga tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé irú àga bẹ́ẹ̀ ló yẹ Bàbá. Màmá tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti èjìká ọ̀tún, òwú funfun lórí aṣọ funfun, gbogbo wa ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ó yí ẹ̀yìn ọrùn ká. Ó dúró.

Màmá na ọwọ́ sí bọ́tìnì láti jẹ́ kó máa lọ. Bàbá gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró. Ó sún àga mọ́ ọn, ó di ojú méjèèjì, ó wá gbé àtàǹpàkò lé ọnà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ti ń lọ, ó ń gbọ̀n títí ó fi kan aṣọ. Ó tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí, jẹ́jẹ́, kò fo ibì kankan. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe máṣíìnì ló fi ìdúró yẹn sílẹ̀ fún. Ààyè ọwọ́ ara rẹ̀ ló lọ gbà ní Àjàṣẹ́, kí àbíkẹ́yìn rẹ̀ má baà jáde nílé láìjẹ́ pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ kan aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ó yá," òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ bọ́tìnì.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ tún dúró lẹ́ẹ̀kejì, lágbedeméjì àyà, tí ó tún dijú, ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Àṣà ìgbà èwe ni. Mo sún mọ́ ọn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo ní, "Bàbá, bí ìgbéyàwó bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ rí dókítà." Àtàǹpàkò rẹ̀ kò dúró. Ó tọ ọnà náà dé ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí. Àbúrò mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ ohun tí mò ń ṣe, ó yíjú síta, mo sì mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kò la ojú. "Ó dáa," ó ní, bó ti máa ń sọ ọ́ nígbà tí a bá fọ́ àwo. "Ó yá."

Àbúrò mi wọ agbádá náà lọ sí Àjílété ní Sátidé. Àwọn tó rí i ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, Bàbá kò sì sọ pé rárá, èmi náà kò sọ. Dókítà fún un lóògùn, gbígbọ̀n náà kò lọ tán ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀, ó sì tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife tíì sẹ́nu. "Gékúrò" ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo ti fi gé ọ̀pọ̀ fáìlì láti ìgbà náà wá, ti orin, ti àwòrán, ti àwọn tí fúláàṣì wọn ti wọ omi ọṣẹ, nítorí òkìkí mi ti kàn kọjá Ìlàrò. Ohun kan péré ni mo fi kún un. Kó tó gé ohunkóhun, yóò dúró, yóò fi ibi tó fẹ́ gé hàn mí, kò sì ní ṣe nǹkan kan títí n ó fi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà kó tó máa bá iṣẹ́ lọ, bí mo bá sì ti rí i pé ó tẹ́ mi lọ́rùn, n ó tẹ̀ ẹ́ sí i: ó yá.